Òjò Tí Kò Ní Ìkùukùu

"Sọ ọ́ kalẹ̀," ni bàbá mi wí.

Ọpá ìwọ̀ mi ló ń wí. N kò tilẹ̀ mọ̀ pé mo ti gbé e sókè. Ọkọ̀ páànù wa dúró láàárín adágún, oòrùn ń mú, ojú ọ̀run mọ́ kedere. Síbẹ̀, níwájú wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ewé òṣíbàtà, òjò ń rọ̀. Ojú kan ṣoṣo ló ń rọ̀ sí, ibi tí kò fẹ̀ ju ẹní kan lọ. Omi ibẹ̀ ń ta wẹ́wẹ́, á dákẹ́, á tún bẹ̀rẹ̀. Bàbá mi ti àjẹ̀ bọ omi jẹ́jẹ́, ó sì yí ọkọ̀ padà.

Kì í ṣe òjò. Ọmọ ẹja ni. Ẹja olórí ejò kì í ṣe bí ẹja yòókù: afẹ́fẹ́ ló ń mí bíi tèmi tìrẹ. Á yọ imú síta, á gbé afẹ́fẹ́ mì, á padà sísàlẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ mí. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dáyé, pupa ni wọ́n, wọn kì í gùn ju èékánná lọ, wọ́n á kó jọ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún, wọ́n á sì jọ máa yọ imú. Ohun tó ń jọ òjò nìyẹn. Lábẹ́ wọn, níbi tí ojú kò tó, ìyá wọn àti bàbá wọn ń ṣọ́ wọn. Ohunkóhun tó bá já lu àwọn ọmọ náà, wọ́n á fò mọ́ ọn, ebi ì báà pa wọ́n, kó má pa wọ́n.

"Bí o bá rí òjò tí kò ní ìkùukùu, yí ọkọ̀ padà." Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tí bàbá mi kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi. "Ẹja tó bá gbé ìwọ̀ mì nítorí ebi, òun ló kó sí wa lọ́wọ́. Èyí tó bá gbé e nítorí ọmọ, àwa la lọ ká a mọ́lé."

Mo gbọ́ o. Mo gbọ́ ọ débi pé mo lè kà á láti orí dé ìdí lójú oorun. Gbígbọ́ kọ́ ni ìṣòro mi láyé yìí.

Bàbá Alákèré ni gbogbo èèyàn ń pe bàbá mi. Igi fúyẹ́ ló fi ń gbẹ́ àkèré tí kò ju àtàǹpàkò lọ. Á kun ẹ̀yìn rẹ̀ ní ọ̀dà, á fi rọ́bà ṣe ẹsẹ̀ fún un, á sì de ìwọ̀ méjì mọ́ ọn lára kí wọ́n má baà há sí koríko omi. Tí o bá jù ú sórí ewé òṣíbàtà tí o sì ń fà á díẹ̀díẹ̀, ìwọ tí o jù ú gan-an lè búra pé àkèré gidi ló ń fò lọ. Báàfù àtijọ́ kan tó ń pọn omi sí wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù wa. Ibẹ̀ ló ti ń dán ọ̀kọ̀ọ̀kan wò, èyí tí kò bá sì gbé imú sókè dáadáa, iná ló ń lọ. Nílé ìwé, Ọmọ Àkèré ni wọ́n ń pè mí. Tí olùkọ́ bá pe orúkọ mi, ọ̀dẹ̀ kan lẹ́yìn kíláàsì á ké bí àkèré. Mo ní ẹnu, mo sì máa ń fún wọn lésì.

Ṣùgbọ́n àkèré oníke ti dé, èyí tí ẹ̀rọ ń tẹ̀ jáde bí ẹní ń yan búrẹ́dì. Láti bí oṣù mẹ́fà, tiwa kàn rọ̀ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù, eruku ń bò wọ́n. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn nígbà tí bàbá mi ń sọ fún ìyá mi pé bí nǹkan kò bá yí padà kí oṣù tó parí, òun á ti ṣọ́ọ̀bù pa, òun á lọ máa ṣọ́ géètì ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń mọ búlọ́ọ̀kù. Ìyá mi, tó ń fọ aṣọ ibùsùn ní ọsibítù, tún owó oṣù tirẹ̀ kà. Ó dùn mí wọra. Bàbá mi tí ọwọ́ rẹ̀ lè gbẹ́ ojú àkèré kó máa wò ọ́, òun ni yóò máa ṣí géètì fún mọ́tò.

Àfi bí Oníwọ̀ ṣe wọlé ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Oníwọ̀ ló ni ṣọ́ọ̀bù ńlá tí wọ́n ti ń ta ọpá, okùn àti ìwọ̀ lójú ọ̀nà adágún. Ó ní àwọn oníbàárà òun kì í ra ọ̀rọ̀ ẹnu mọ́, àwòrán ni wọ́n ń rà. "Bàbá Alákèré, ẹ bá mi wá àwòrán ẹja kan ṣoṣo tó gùn tó apá mi, kí àkèré yín wà lẹ́nu rẹ̀. Bí mo bá rí i kí Sátidé tó kọjá, gbogbo èyí tí ẹ bá gbẹ́ lọ́dún yìí, tèmi ni." Ó na apá rẹ̀ síta. Mo gbé àjẹ̀ ọkọ̀ wa tì í, mo sì fi ọ̀dà pupa fa ìlà sí ibi tí orí ìka rẹ̀ dé.

Ọjọ́ kẹta tí a ti ń wá ẹja náà ni ọjọ́ tí bàbá mi yí ọkọ̀ padà yẹn, Tọ́sìdeè ni. Méjì péré la rí pa, wọn kò sì dé ìdajì ìlà pupa náà. Bí a ṣe ń wa ọkọ̀ lọ sílé, bàbá mi ní ọ̀gá ilé iṣẹ́ búlọ́ọ̀kù fẹ́ rí òun lọ́jọ́ kejì. Ó ní tó bá di ìdájí Sátidé, a ó gbìyànjú ẹ̀gbẹ́ kejì adágún, níbi tí koríko omi pọ̀ sí. Mo bojú wẹ̀yìn. Òjò yẹn ṣì ń rọ̀ lẹ́bàá igi wíwó kan tí ẹ̀ka rẹ̀ funfun bí eegun.

Ẹni tí mo sọ ọ́ fún ni Fọ́tò, ọ̀rẹ́ mi. Fọ́tò kì í fi oúnjẹ kan ẹnu kí fóònù rẹ̀ tó kọ́kọ́ jẹ ẹ́, ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Ọ̀pọ̀ ló ti gbọ́ ìtàn yìí tó fẹ́ kí n gbé ẹ̀bi rẹ̀ lé e lórí. N kò ní í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè méjì péré ló bi mí nígbà tí a ń jáde nílé ìwé lọ́jọ́ Fúráìdé. Ó ní ṣé mo fẹ́ kí bàbá mi máa ṣọ́ géètì ni? Mo ní rárá. Ó wá ní ṣé àwòrán máa ń sọ ibi tí wọ́n ti rí ẹja ni?

Mo lọ mú kọ́kọ́rọ́ ṣéènì ọkọ̀ lára ìṣó, mo yan àkèré tó dára jù lára ògiri, a sì lọ.

Atẹ́gùn kò fẹ́ rárá lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Omi náà dùbúlẹ̀ bí epo. A kò tíì dé ìdí igi wíwó yẹn tí mo ti ń gbọ́ òjò náà, pẹ́-pẹ́-pẹ́, bí ẹni ń fi orí ìka ta páànù. Fọ́tò tó ti ń sọ̀rọ̀ láti èbúté yọ fóònù rẹ̀. Mo dìde dúró. Mo ro ti bàbá mi, bó ti jókòó níwájú ọ̀gá kan tó kéré sí i lọ́jọ́ orí, ẹni tí bàbá mi yóò máa pè ní "sà". Mo ju àkèré náà sí àárín òjò.

Kò tíì balẹ̀ dáadáa tí omi fi là. Bàbá mi kọ́ mi pé bí ẹja bá gbé àkèré, n kò gbọdọ̀ fà á lójú ẹsẹ̀: kí n ka ení, èjì, ẹ̀ta, kó lè pa ẹnu dé ná. Mo kà á. Mo fà á. Ọpá tẹ̀ kọdọrọ, okùn ń ké lọ́wọ́ mi, ọkọ̀ sì ń yí. Nígbà tí a gbé e wọlé, ó dúdú, ó nípọn bí itan èèyàn, ó sì ṣe orí pẹrẹsẹ bí ejò. Mo tẹ́ àjẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìka mẹ́ta ló fi dín sí ìlà pupa.

Ìka mẹ́ta péré.

Ẹja náà kò jà púpọ̀. Ó dùbúlẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀, ó ń ya ẹnu, a sì ń gbọ́ ọ tó ń mí. Bí mo bá sọ ọ́ padà sómi lásìkò yẹn, bóyá ìtàn yìí kò ní sí. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí Fọ́tò kò mọ̀. Mo mọ̀ pé méjì ni wọ́n máa ń jẹ́, àti pé èkejì wà nísàlẹ̀ níbẹ̀ tó ń dá ṣọ́. Mo tún mọ̀ pé bí mo bá dá èyí padà, á dá rúgúdù sílẹ̀, èkejì á sì kó àwọn ọmọ lọ sínú koríko. Mo da àpò tútù bò ó lójú. Ọwọ́ mi kò gbọ̀n. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù títí dòní.

Mo tún ju àkèré náà sí àárín òjò, mo sì fa èkejì wọlé. Ó gùn ju ìlà pupa lọ dáadáa. Fọ́tò yà mí láwòrán: mo gbé ẹja dání, àkèré bàbá mi wà létí ẹnu rẹ̀, igi wíwó wà lẹ́yìn mi. Ó ní kí n rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n yí sápá ọ̀tún, kí oòrùn lè mú mi lójú. Ó ní ká tún un yà. Ibẹ̀ náà ló ti fi àwòrán ránṣẹ́ sí Oníwọ̀, ó sì gbé e síta fún gbogbo ayé. Nígbà tí a ṣe tán, ìwọ̀ ti ya èkejì lọ́fun, ẹ̀jẹ̀ ti dà sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Mo ṣí àpò lórí èyí àkọ́kọ́. Àpò ti dí i nímú, òun náà kò mí mọ́.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wa ọkọ̀ lọ sílé. Fọ́tò ń wo ẹ̀yìn, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ó ní kí n wò ó, pé òjò ń tẹ̀ lé wa.

Òótọ́ ni. Òjìji ọkọ̀ wa wà lórí omi, ó gùn, ó dúdú, àwọn ọmọ ẹja pupa yẹn sì ti kó sábẹ́ rẹ̀. Tí mo bá wa ọkọ̀ kíákíá, wọ́n á sáré. Tí mo bá dúró, wọ́n á dúró. Wọ́n rò pé àwa ni ìyá wọn. Ẹ̀rín kúrò lójú Fọ́tò. Mo fi àjẹ̀ lu omi kí wọ́n lè padà, wọ́n tú ká, wọ́n tún kó jọ. Báyìí ni mo ṣe sìn wọ́n dé èbúté, níbi tí omi kò ti ju orúnkún lọ, tí àwọn ẹja onílà máa ń wà nínú ẹrẹ̀ tí àwọn ẹyẹ omi sì máa ń dúró. A kò tíì de ọkọ̀ mọ́lẹ̀ tí ẹja àti ẹyẹ fi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ àwọn ọmọ náà. Kò sí ariwo kankan níbẹ̀, àfi òjò yẹn tó ń kéré sí i.

Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù, Oníwọ̀ ti ṣáájú mi débẹ̀. Inú rẹ̀ dùn dé gongo. Ó ti kọ àdéhùn rẹ̀ sínú ìwé, ó gbé e sórí tábìlì, ó sì na fóònù sí bàbá mi kó lè rí iṣẹ́ ọmọ rẹ̀. Bàbá mi wò ó pẹ́. Mo rí i tó rẹ́rìn-ín músẹ́, nítorí ọmọ rẹ̀ ló ń wò. Lẹ́yìn náà ó fi ìka méjì fa àwòrán náà kó tóbi sí i. Kò wo ẹja mọ́. Ẹ̀yìn mi ló ń wò, níbi tí omi ti ń ta wẹ́wẹ́.

"Ṣé òjò rọ̀ lónìí?" ló bi mí.

"Rárá, Bàbá."

Ó dá fóònù padà fún Oníwọ̀. Ó ní kó má bínú, òun kò lè fọwọ́ sí ìwé náà. Oníwọ̀ rò pé ó ń ṣàwàdà. Ó ní ẹja ṣáà ni, pé ta ló máa wo ẹ̀yìn àwòrán?

"Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ á wò ó," ni bàbá mi wí. "Ẹni tó bá sì ra àkèré mi nítorí àwòrán yìí, ohun tó rí níbẹ̀ ni yóò lọ ṣe. N kò lè gbẹ́ nǹkan fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀."

Oníwọ̀ ní bí òun kò bá ta tiwa, wọ́n á fi oníke ṣe é. Bàbá mi ní kí wọ́n fi ṣe é, kó ṣáà má jẹ́ tòun. Oníwọ̀ ká ìwé rẹ̀, ó ní àwọn àgbà kan wà tí wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn ti ilẹ̀kùn ire. Ó lọ.

Mo dúró síbẹ̀ mo ń dúró de ìbínú. Ì bá ti dára kó pariwo mọ́ mi. Bàbá mi mú korobá kan àti àwọ̀n kékeré, ó ní kí n máa bọ̀. A wọ omi lọ dé orúnkún ní èbúté, a sì ṣa èyí tó kù. Méjìlélọ́gọ́ta ni wọ́n, nínú bí ẹgbẹ̀rún kan. Ó da àwọn àkèré kúrò nínú báàfù, ó da ọmọ ẹja sínú rẹ̀. Ó ní, "Ìwọ ló kù fún wọn."

Ní ọjọ́ Sọ́ńdè, ọkọ̀ mẹ́sàn-án ló wà ní ìdí igi wíwó yẹn. Àwòrán tí Fọ́tò ní kì í sọ̀rọ̀ ti sọ ohun gbogbo: ó sọ ibẹ̀, ó sọ àkókò, ó sì sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Fọ́tò pa àwòrán náà rẹ́ pẹ̀lú omijé, ṣùgbọ́n ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ fífọ́ ní í fọ́, àwọn mìíràn ti ń pín in kiri. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n wá gbogbo ibi tí òjò ti ń rọ̀ lórí adágún kàn. Wọ́n ń ju oníke sí i. Àwọn ọ̀dẹ̀ tó ń ké bí àkèré fún mi nílé ìwé wà lára wọn, wọ́n sì ń kí mi pé mo kú iṣẹ́.

Ìdánwò àṣekágbá wa ti dé tán. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ báàfù yẹn ni mo ti kàwé. Tanwíìjí ni mo ń gbọ́n nínú gọ́tà láti fi bọ́ wọn láàárọ̀ àti lálẹ́. Mo ń kà wọ́n lójoojúmọ́, iye wọn sì ń dín kù lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ n kò rí òkú kankan. Ó tó ọjọ́ mélòó kan kí ó tó yé mi. Níbi tí ìyá kò sí, tí àyè kò sì gbà wọ́n, àwọn tó tóbi ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ àwọn tó kéré. Mo bẹ bàbá mi kó bá mi wá nǹkan ṣe. Ó ní ohun tí òun lè ṣe, òun ti ṣe é ní Tọ́sìdeè yẹn nígbà tí òun yí ọkọ̀ padà. Ní ọjọ́ ìdánwò ìṣirò, mọ́kànlá ni wọ́n. Ní ọjọ́ tí a ṣe èyí tó kẹ́yìn, ọ̀kan ṣoṣo ló kù. Ó ti gùn tó ìka mi, ó ti ń dúdú. Tí mo bá na ọwọ́ sórí omi, á gòkè wá wò ó, ojú rẹ̀ kò sì ṣẹ́. Mo bẹ̀rù rẹ̀, n kò ní purọ́.

Ọjọ́ yẹn náà ni bàbá mi ti ṣọ́ọ̀bù. Ó kó àkèré sínú àpò, ó gbá ilẹ̀, ó sì pa ilẹ̀kùn dé bí ẹni tí yóò padà wá lọ́la. Lọ́jọ́ kejì ó wọ aṣọ ilé iṣẹ́ búlọ́ọ̀kù. Ọrùn aṣọ náà fẹ̀ jù fún un.

Èmi gbé korobá lọ sí adágún. Mo wa ọkọ̀ dé àárín, mo sì tú ẹja kan ṣoṣo yẹn sómi. Kò lọ. Ó dúró sínú òjìji ọkọ̀, bíi tọjọ́ kìíní. Mo dúró pẹ̀lú rẹ̀ títí oòrùn fi yẹ̀, tí òjìji náà sì gùn débi pé n kò mọ ibi tí ẹja náà wà mọ́. Mo wo gbogbo ojú omi láti etí kan dé èkejì, bóyá mo lè rí ibì kan tí òjò ti ń rọ̀. Kò sí. Lẹ́ẹ̀kan péré ni omi ta níwájú mi, ẹ̀kán kan ṣoṣo, ó sì dákẹ́.

Ìwọ tí o ń ka èyí, o lè máa sọ pé ìwọ kì í lọ ṣẹja. Mo gbà. Ṣùgbọ́n òfin kan wà nílé yín tí ìwọ náà mọ̀ láti orí dé ìdí, ọjọ́ kan sì ń bọ̀ tí rírú u yóò dà bí oore tí o fẹ́ ṣe fún ẹni tí o fẹ́ràn. Má ṣe é. Ohun tí o bá tìtorí rẹ̀ ṣe ohun tí kò tọ́, òun gan-an ni ìwà náà máa kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ rẹ. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ lọ́jọ́ Fúráìdé yẹn ni pé kí ṣọ́ọ̀bù bàbá mi wà ní ṣíṣí. Àkèré oníke kọ́ ló tì í. Oníwọ̀ kọ́. Èmi ni.